Iná Tí Eegun Ń Fẹ́ Kì Í Mi Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti gbé ẹ̀rọ kékeré alábátìrì wá bá mi ní yàrá ìtọ́jú eyín mi ní Sùúrùlérè, tí wọ́n ń béèrè bóyá ó lè mú kí eegun àgbọ̀n wọn tètè di irin tí mo rì sí i láti gbé eyín àtọwọ́dá ró mú. Ẹ̀rọ náà ni èyí tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì, tó ní okùn méjì àti ohun alẹ̀mọ́ra tí ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tó bá ń ro ó. Ìdáhùn mi kò yí padà: ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín.

Kì í ṣe pé iná mọ̀nàmọ́ná kò ní iṣẹ́ lára eegun. Ní 1957, Fukada àti Yasuda ní Japan fi hàn pé bí a bá tẹ eegun, iná díẹ̀ a máa jáde lára rẹ̀. Nígbà tó di 1979, ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ oníná fún eegun tó ṣẹ́ tó sì kọ̀ láti so. Ti irin inú àgbọ̀n ṣì wà lẹ́nu ìwádìí, ara ẹranko sì ni a ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àbájáde rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná yẹn kéré débi pé ẹni tí wọ́n ń fi wò kì í mọ̀ ọ́n lára. Èyí tí wọ́n ń rì sínú ara sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 20 sí 60 microampere, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń wọn iná tó kéré gan-an. Bó bá pọ̀ jù, ó lè pa eegun tó yẹ kó mú hù. Ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù nìkan ni eegun sì ti ń hù. Ti ẹ̀rọ inú páálí tí wọ́n ń gbé wá bá mi yẹn, milliampere ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tó fi ìlọ́po 1,000 ju microampere lọ, iṣan ni wọ́n sì ṣe é fún, kì í ṣe eegun.

Ohun tí eegun ń fẹ́ ju iná lọ ni kí irin dúró jẹ́ẹ́. Bí irin bá ń yẹ̀ ju nǹkan bí 150 micrometre lọ, tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún milimita kan, awọ rírọ̀ ni ara yóò fi yí i ká dípò eegun, awọ kò sì lè gbé eyín ró. Nítorí èyí ni Brånemark ará Sweden, tó fi irin titanium sí àgbọ̀n ènìyàn ní 1965, ṣe ní ká fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti mẹ́fà ní tòkè.

Ìyá kan tó ń ta léèsì ní Bàlógùn padà wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Alaalẹ́ ni wọ́n ń lẹ ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Dókítà, bó bá ti ń fà mí lẹ́rẹ̀kẹ́ báyìí, mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Iṣan tí a fi ń jẹun ló ń fà, tó ń mú kí eyín òkè máa gbá orí irin náà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, fún ìdajì wákàtí. Mo fi ìka méjì di irin náà mú, ó yí. Mo fà á díẹ̀, ó tẹ̀lé ọwọ́ mi jáde, kò sí ẹyọ eegun kan lára rẹ̀. Àbúrò wọn tó sìn wọ́n wá ní ọwọ́ ayé ni. Inú bí mi, mo sì sọ fún un pé ọwọ́ ẹni tó ta ẹ̀rọ náà ni, tó sọ fún ìyá arúgbó pé ó ń "pe eegun", tí kò sì mọ ibi tí eegun àgbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fọ ojú ihò náà, mo rán an, a sì fohùn ṣọ̀kan pé oṣù mẹ́rin yóò kọjá kí n tó rì òmíràn. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà àti páálí rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Báyìí, kí n tó kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ aláìsàn tuntun sílẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ara mi, màá tàn án, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìka mi ṣe ń fò.