c:request: Ìbéèrè HTTP tí a kọ ní XML

c:request jẹ́ táàgì XML (èdè tí a fi táàgì to ìsọfúnni) tí a fi ń ṣàpèjúwe ìbéèrè HTTP (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bèèrè nǹkan lórí wẹ́ẹ̀bù) nínú èdè XProc 1.0, kí ètò kọ̀ǹpútà lè bá server (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè) sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ènìyàn nídìí aṣàwárí. Àjọ W3C, tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí XProc 1.0 ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Àwọn olóòtú rẹ̀ ni Norman Walsh, Alex Milowski àti Henry S. Thompson. Ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ ni XProc máa ń to iṣẹ́ lórí ìwé XML: ohun tó bá jáde nínú ìgbésẹ̀ kan ni yóò wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbésẹ̀ tó ń gba c:request, tó ń fi í ránṣẹ́, tó sì ń mú èsì bọ̀ ni p:http-request.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

<c:request method="POST" href="https://example.org/iwe" detailed="true">
  <c:header name="Accept" value="application/xml"/>
  <c:body content-type="application/xml"><iwe/></c:body>
</c:request>

Irú ìbéèrè ni method ń sọ, href sì ni àdírẹ́sì. c:header ń gbé àlàyé nípa ìbéèrè, c:body sì ń gbé ohun tí a ń rán. Bí content-type bá ti jẹ́ XML, táàgì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní tààrà nínú c:body, àwọn yòókù á wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a fiyè sí detailed: láìsí i, ara èsì nìkan ló ń padà wá, a kò sì ní rí nọ́ńbà bíi 200 (ó yọrí) tàbí 404 (a kò rí i). Tí ó bá wà, gbogbo èsì á wá nínú c:response, pẹ̀lú nọ́ńbà náà nínú status.

Agbára ọ̀nà yìí ni pé ìwé bí ìwé yòókù ni ìbéèrè náà. XSLT (èdè tí a fi ń yí ìwé XML padà) lè ti inú àkójọ orúkọ kan ṣẹ̀dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún c:request, schema (ìlànà tó ń sọ bí ìwé ṣe gbọ́dọ̀ rí) lè yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó lọ, a sì lè fi wọ́n pamọ́ láti tún wọn rán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi wọ́n pamọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi, torí pé gbangba ni username àti password ń wà nínú wọn.

Modulu HTTP Client ti EXPath (iṣẹ́ tó ń ṣe àfikún fún àwọn èdè XML), tí Florent Georges ṣe olóòtú rẹ̀, ní http:request tó jọ ọ́ púpọ̀. Àwọn tó ń kọ XQuery (èdè tí a fi ń wá nǹkan nínú XML) lórí BaseX tàbí eXist-db, tí wọ́n jẹ́ ibi ìpamọ́ ìwé XML, ń lò ó.

Ohun tí kì í ṣe XML ló ń ni c:request lára. Àwòrán tàbí PDF kò lè wọ inú c:body bó ṣe wà. A ní láti yí i sí lẹ́tà base64, ẹrù á sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi sí i. XProc 3.0, tó jáde ní 2022, gba JSON (ọ̀nà mìíràn tí a fi ń to ìsọfúnni), àwòrán àti ọ̀rọ̀ lásán láàyè láti máa kọjá láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, p:http-request rẹ̀ kò sì gba c:request mọ́. Method àti href ti di option (ohun tí a ń yàn) fún ìgbésẹ̀ náà, header wọ inú map (àkójọ orúkọ àti iye wọn), ìwé tó bá sì wọlé ni yóò lọ gẹ́gẹ́ bí ara ìbéèrè.