Ìró Àtapadà Ni, Kì í Ṣe Gbohùngbohùn

Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ohùn rẹ̀ á máa lu ògiri, á sì máa padà wá dà pọ̀ mọ́ èyí tó ń sọ lọ́wọ́. Reverberation ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé "rìfábíréṣọ̀n", ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò lè pè lẹ́ẹ̀mejì kó dọ́gba. Mo fi tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tó sọ pé gbohùngbohùn ni. Gbohùngbohùn ni ohùn tó ké padà láti ara òkè, tí èèyàn gbọ́ lọ́tọ̀ lẹ́yìn tóun ti dákẹ́. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ń pe máìkì! Wọ́n á wá kọ ọ́ pé "gbohùngbohùn gbọ́ gbohùngbohùn". Ta ló gbọ́ ta?

Ìró àtapadà lèmi ń pè é: ìró lu ògiri, ó ta padà. Ẹnì kan ní ó jọ ọ̀rọ̀ ìbọn. Kó jọ ọ́.

Bí máìkì bá wà lẹ́bàá ẹnu, ohùn tó wá tààrà ló borí. Ẹ gbé e sórí tábìlì lọ́hùn-ún, ti tààrà á rẹlẹ̀, àmọ́ èyí tó ń ta padà lára ògiri àti àjà ò ní dín kù tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ọmọ kéú tó ń kọ ẹsẹ tuntun sórí wàláà tí kò fọ̀: tàdáwà àná hàn lábẹ́ tòní. Sílébù tó kọjá ò tíì kúrò nílẹ̀ tí èyí tó tẹ̀ lé e fi dé. Ní Yorùbá, ohùn òkè tó ṣẹ́kù á tún da ohùn ìsàlẹ̀ rú.

Ìdí nìyí tí yíyọ ariwo fáànù nìkan ò fi tó fún kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohùn olóhùn fúnra rẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. Ọgbọ́n ìṣírò kan tí wọ́n ń pè ní WPE, tí àwọn ará NTT, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Jàpáàn, gbé jáde ní 2010, ń fi ohun tí máìkì ti gbọ́ ṣáájú ṣírò èyí tó pẹ́ dé, ó sì ń yọ ọ́ kúrò. Èyí tó tètè dé, kì í fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe jàǹbá púpọ̀. Wọ́n tún ń to máìkì púpọ̀ jọ, wọ́n á sún ohùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà kó bára mu, wọ́n á sì rò wọ́n pọ̀, kí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè yọ. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n ò kàn mí níhìn-ín.

Nínú ìdíje CHiME-5 ní 2018, níbi tí wọ́n ti dán irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wò, ilé tí wọ́n ti ń se oúnjẹ àlejò gan-an ni wọ́n ti gba ohùn. Ètò ìpìlẹ̀ tí wọ́n fún àwọn olùdíje ṣe àṣìṣe tó ju 70 lọ nínú 100 ọ̀rọ̀ nígbà tí máìkì jìnnà. Pẹ̀lú máìkì tó wà létí àwọn àlejò kan náà, kò tó 50. Èèyàn kan náà, oúnjẹ kan náà.