Ibi tí ìjà fáìlì láàrin fóònù àti fóònù ti ṣẹ̀ wá

Lẹ́yìn update ni ẹjọ́ máa ń pọ̀ jù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Adó-Èkìtì. Fọ́tò tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Kánádà wọlé, kò ṣí. Ìwé tó wà lórí fóònù lánàá, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń sọ: "Update ti ba fóònù mi jẹ́." Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Fóònù kò bàjẹ́, fáìlì náà sì pé. Àdéhùn tó wà láàrin ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ni ẹnìkan ti yí padà láì sọ fún ẹnìkejì. Àdéhùn yìí ní ọjọ́ orí, a sì mọ àwọn tó dá a sílẹ̀.

Íméèlì kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni. Àmì 128 péré ló wà nínú ASCII, àkójọ àmì ìkọ̀wé tó ń lò, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àmì ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di lẹ́tà. Ní 1980, Mary Ann Horton, tó wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ uuencode fún iṣẹ́ yìí. Ó wúlò gan-an, àfi pé àwọn kọ̀ǹpútà kan tí íméèlì ń gbà kọjá máa ń gé àlàfo tó bá wà ní ìparí ìlà dànù, bẹ́ẹ̀ ara fáìlì ni àlàfo ọ̀hún. Fáìlì á dé, á ti dín. Ẹni tó gbà á ló sì tún máa fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

Ọdún 1992 ni nǹkan yí padà. Nathaniel Borenstein, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Bellcore ní New Jersey, àti Ned Freed jọ kọ ìlànà tí wọ́n pè ní MIME, ó sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà. Kó tó jáde rárá, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, Borenstein ti fi íméèlì kan ránṣẹ́ tó ní àsomọ́ méjì: fọ́tò òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ máa ń kọrin, àti ohùn wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Adó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà yẹn. Ó ku ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń bi Borenstein pé kí ló ń lé kiri, ó ní lọ́jọ́ kan òun á ní ọmọ ọmọ, òun á sì fẹ́ máa rí fọ́tò wọn nínú íméèlì. Ìdáhùn yìí dùn mọ́ mi, torí bàbá àgbà àti màmá àgbà gan-an ló ń gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù lónìí.

Ohun méjì ni MIME ṣe. Èkíní, ó lẹ orúkọ mọ́ gbogbo àsomọ́ lórí, kí ẹni tó gbà á lè mọ ohun tó jẹ́ kó tó ṣí i. Èkejì, ó fi base64 rọ́pò uuencode: òun náà ń sọ fáìlì di lẹ́tà, àmọ́ kìkì àwọn lẹ́tà tí kò sí kọ̀ǹpútà tó máa gé wọn ló ń lò. Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ ṣí íméèlì tó ní fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà nínú Gmail, kí ẹ tẹ "Show original". Ẹ ó rí "Content-Type: image/jpeg", lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó rí ìlà lẹ́tà gbágungbàgun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "/9j/". Fọ́tò náà nìyẹn. Gbogbo JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀, ló ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn nínú base64. Ti PDF, "JVBERi0" ni. Báìtì mẹ́ta ló ń di lẹ́tà mẹ́rin, ìdí nìyí tí fọ́tò MB 3 fi ń wúwo tó MB 4 nínú íméèlì, tó sì ń jẹ dátà. Ẹ ó tún rí "MIME-Version: 1.0" níbẹ̀. Láti 1992, nọ́ńbà yẹn kò kúrò ní 1.0, torí pé bí ẹnikẹ́ni bá yí i padà, kò sẹ́ni tó mọ iye íméèlì tí kò ní ṣí mọ́. Àwọn tó ṣe fóònù kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001. MMS, tí a lè fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi text, wá, owó rẹ̀ kò jẹ́ kó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bluetooth la fi ń gba orin àti fọ́tò lọ́wọ́ ara wa, lẹ́yìn náà Xender, lẹ́yìn náà WhatsApp gba gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí fóònù Android gbòde tán ni update wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá wàhálà sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí áàpù kan bá fẹ́ fún áàpù mìíràn ní fáìlì, àdírẹ́sì ibi tí fáìlì náà wà ló máa ń fún un, ìyẹn á lọ mú un fúnra rẹ̀. Android 7, ní 2016, ní ó tó. Ó ní kí áàpù máa fúnni ní àyè fún ìgbà díẹ̀ lórí fáìlì kan ṣoṣo. Áàpù tí wọ́n bá tún ṣe fún Android 7 láìyí apá ibẹ̀ padà, ṣe ló ń dákú bí ẹ bá ti tẹ "Share". Android 11 tún le sí i ní 2020. Ìgbà yẹn ni fódà WhatsApp kó kúrò níbi tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, tó bọ́ sínú "Android", lẹ́yìn náà "media". Fáìlì wà níbẹ̀ digbí. Àwọn tó ń wá a ní ilé àtijọ́ ló ń pariwo pé ó ti sọnù. Nítorí ààbò ni wọ́n ṣe ṣe é, mi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Kí wọ́n kàn sọ fún èèyàn ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó fa ẹjọ́ jù ni ti iPhone. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, iOS 11 dé, láti iPhone 7 lọ sókè sì dẹ́kun títọ́jú fọ́tò sí JPEG. HEIC ló ń lò, irú fáìlì fọ́tò kan tí MPEG, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fídíò àti ohùn, parí ìlànà rẹ̀ ní 2015. Ó ń gba nǹkan bí ìdajì àyè tí JPEG ń gbà. Android kò mọ̀ ọ́n títí Android 9 fi dé ní 2018, Windows 10 sì ní láti wá àfikún rẹ̀ gbà. Kọ̀ǹpútà Windows 7 tó ṣì wà ní àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké lọ́nà Ìwòròkó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ti ń tẹ páṣípọ́ọ̀tù, kò mọ̀ ọ́n rárá.

iPhone gbìyànjú: bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ nínú íméèlì rẹ̀, yóò rọra sọ ọ́ di JPEG. Ibi tó ti ta kókó ni àṣà tiwa. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó má wúwo, fọ́tò á wá ṣú. Láti 2017 tó ti gba kí a máa fi irú fáìlì yòówù ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni àwọn tó ń tẹ fọ́tò ti ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document." Bó ṣe wà náà ló ń lọ nìyẹn, pẹ̀lú HEIC rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé tirẹ̀ wá láti Ìkẹ́rẹ́.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Fọ́tò ọmọ tuntun ni wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́, bébà funfun ni mo ń rí."

"Ẹ kú oríire o, mà." Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe wo ìparí orúkọ fáìlì. "Ṣé bíi document ni wọ́n fi ránṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kó má baà ṣú."

"Ẹ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, mà, kí wọ́n tẹ HD."

HD yìí, oṣù kẹjọ 2023 ni WhatsApp gbé e jáde, ó sì yanjú ìdajì ẹjọ́ náà. Kó tó dé, ohun tí mo rí pọ̀. Àwọn kan á pa .heic rẹ́ lára orúkọ, wọ́n á kọ .jpg sí i. Kíkọ "epo pupa" sára kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ni. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n reset fóònù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ ó pàdánù nọ́ńbà, ẹ ó pàdánù fọ́tò àtijọ́, HEIC kò sì ní tìtorí ẹ̀ ṣí.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yà á ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Kó wọ Settings lórí iPhone rẹ̀, kó wọ Camera, kó tẹ Formats, kó yan Most Compatible. JPEG ni fóònù á máa yà láti ìgbà náà lọ. Èyí kan fídíò pẹ̀lú, fídíò ló sì ń dààmú wa jù báyìí. Fídíò ìnáwó tí wọ́n fi iPhone yà, HEVC, ẹgbẹ́ HEIC níhà fídíò, ló wà nínú rẹ̀, fóònù tó ti pẹ́ sì lè máa gbé ohùn ìlù jáde kí ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹni tó bá yan Most Compatible kò ní lè ya 4K, fídíò tó mọ́ gan-an, ní férémù 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan mọ́, àmọ́ mi ò tíì rí ìyá olóyè tó bèèrè férémù 60. Kí wọ́n yàn án kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀ ni, torí èyí tí wọ́n bá ti yà kọjá, kọ̀ǹpútà la ó fi yí i padà, fídíò wákàtí kan sì lè gbà ju wákàtí kan lọ lórí èyí tí a ní.