Ṣé kí n yí ọmọ mi síwájú ni, àbí kí n ra ìjókòó ọkọ̀ tó tóbi sí i?

Ìyá kan tó ń gbé ní Houston ló béèrè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Orí ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lókè car seat onígbá tí wọ́n fi gbé e kúrò ní ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń tẹ ẹ̀yìn síìtì. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá láti Ìbàdàn ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ kọjú síwájú kó lè máa rí ìta. Dókítà ọmọdé ní rárá, kó ṣì máa kọjú sẹ́yìn. Nígbà tó wá dé ilé ìtajà, oríṣi car seat tó rí níbẹ̀ pọ̀ débi pé kò mọ èyí tí ì bá mú. Mo fi ìbéèrè tí àwọn òbí wa yòókù ní Amẹ́ríkà máa ń béèrè kún tirẹ̀. Ìlànà Amẹ́ríkà ni mo tẹ̀ lé, torí lébẹ́ẹ̀lì àti òfin ilẹ̀ mìíràn yàtọ̀.

Ọmọ tó ti ń rìn, tó ń sáré, kí ló tún ń kọjú sẹ́yìn fún?

Nítorí ọrùn rẹ̀. Orí ọmọ kékeré tóbi púpọ̀ tí a bá fi wé ara rẹ̀: orí ọmọ tuntun nìkan kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀, nígbà tí ti àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Àwọn eegun ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Eegun rírọ̀, irú èyí tó wà nímú wa, ló ṣì so apá púpọ̀ nínú wọn pọ̀, ó sì di ọdún mélòó kan kí wọ́n tó le tán. Ẹsẹ̀ tó ti ń sáré kò sọ pé ọrùn ti gbó.

Ọ̀kan lára ìjàm̀bá ọkọ̀ tó máa ń burú ni èyí tí ọkọ̀ ti fi iwájú sọ nǹkan. Ọkọ̀ á dúró gbì, ṣùgbọ́n ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń lọ. Tí ọmọ bá kọjú síwájú, okùn á di ejìká àti àyà rẹ̀ mú, orí nìkan ni kò ní ohun tó dì í mú. Orí á fò síwájú, ọrùn ló sì máa gba gbogbo ìfà náà. Tó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò rì sínú igbá ìjókòó. Orí, ọrùn àti ẹ̀yìn á jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára ìkọlù náà á sì pín yí ká. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tuntun rí mọ̀ pé a kì í gbé e láìfi àtẹ́lẹwọ́ gba orí àti ọrùn rẹ̀ dúró. Iṣẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni igbá ìjókòó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Bertil Aldman, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Sweden, wo bí wọ́n ṣe ṣe ìjókòó fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú Gemini ti Amẹ́ríkà lọ sí ojú ọ̀run, pé ẹ̀yìn wọn ni wọ́n fi ń gba agbára tó ń tì wọ́n. Ibẹ̀ ló ti rí ọgbọ́n ìjókòó ọmọ tó kọjú sẹ́yìn, Volvo sì ti ń dán an wò ní 1964. Ní Sweden lónìí, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu kí ọmọ ọdún 4 máa kọjú sẹ́yìn.

Àwọn kan ní ọdún kan, àwọn kan ní ọdún méjì. Èwo ni ká gbà?

Àmọ̀ràn ló ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, kálukú sì di èyí tó bá nígbà tirẹ̀ mú. Ní 2011, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà, AAP, ní kí ọmọ kọjú sẹ́yìn títí di ọdún 2 ó kéré tán. Ní 2018, wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà: kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn títí yóò fi dé òpin ìwọ̀n ara tàbí gíga tí ẹni tó ṣe ìjókòó rẹ̀ kọ sí i lára. Èyí ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ lè gbọ́ kí wọ́n sọ pé kíkọjú sẹ́yìn fi ìlọ́po márùn-ún dára ju kíkọjú síwájú lọ. Inú ìwádìí kan tó jáde ní 2007 ni iye yẹn ti wá, wọ́n sì ti fa ìwádìí náà padà nígbà tí wọ́n rí àṣìṣe nínú ìṣirò rẹ̀. Ẹ má tún fi iye yẹn bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ohun tí mo sọ nípa ọrùn kò gbára lé e.

Ní ti òfin, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní California, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, àyàfi tó bá ti tó pọ́n-ùn 40 tàbí íǹṣì 40. Texas ní tirẹ̀ kàn ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 wà nínú ìjókòó ọmọdé, àyàfi tó bá ti ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 9 lọ; kò dárúkọ ibi tí yóò kọjú sí, ó kàn ní kí wọ́n lò ó bí ẹni tó ṣe é ṣe wí. Nítorí náà, ìyá wa ní Houston kò rú òfin tó bá yí ọmọ rẹ̀ padà lónìí nínú ìjókòó tí ìwé ìlò rẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n òfin kò mọ bí ọrùn ọmọ yẹn ṣe rí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ ẹ̀yìn síìtì. Ṣé kò ní kán?

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ òbí yí ọmọ padà kó tó tó àsìkò nìyí. Ẹ ṣí ìwé ìlò ìjókòó yín: ìwọ̀n ara, gíga àti ibi tí orí dé lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n. Ẹ wo ọmọ yín nígbà tó bá ń ṣeré nílẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í na ẹsẹ̀ gbọọrọ bí àgbàlagbà. Bó ṣe ń ká a náà ni yóò ká a nínú ọkọ̀, tàbí kó gbé e lé ẹ̀yìn síìtì, tàbí kó jẹ́ kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwa tá à ń wò ó lara ń ni.

Nínú ìjàm̀bá, ọmọ tó kọjú síwájú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fò síwájú lọ gbá síìtì tó wà níwájú rẹ̀. Ká tiẹ̀ wá sọ pé ẹsẹ̀ fara pa: ẹsẹ̀ tó kán, teguntegun ń tò ó. Ti ọrùn kò rí bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìjókòó àkọ́kọ́ ti kéré jù?

Ẹ gbé ọmọ sínú rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wọlé dáadáa, ẹ di okùn. Ẹ wá fi ìwé kan lélẹ̀ pẹrẹsẹ lórí àtàrí rẹ̀ títí yóò fi kan igbá. Láti ibi tí ìwé náà ti kan igbá dé etí òkè igbá gbọ́dọ̀ tó íǹṣì kan, ó kéré tán. Tí kò bá tó o, ìjókòó yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bí ìwọ̀n ara ọmọ kò tiẹ̀ tíì dé ibi tí wọ́n kọ. Awọ orí lẹ máa wọ̀n dé o: tó bá jẹ́ obìnrin, tẹ́ ẹ dì í ní ṣùkú, ẹ má ka ṣùkú mọ́ orí. Àwọn irun tó ta kókó lẹ́yìn ìpàkọ́ tún máa ń ti orí ọmọ síwájú nínú ìjókòó, ẹ yẹra fún un lọ́jọ́ ìrìn àjò.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìjókòó onígbá kì í kọjá pọ́n-ùn 30 sí 35. Gíga ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwúwo.

Èwo wá ni ká rà?

Irú tí wọ́n ń pè ní convertible: ó lè kọjú sẹ́yìn, tó bá sì di ọjọ́ iwájú, ẹ lè yí i síwájú. Gbogbo èyí tí wọ́n ń tà ní tuntun ní Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ bá ìlànà ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ FMVSS 213 mu, olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi owó wọn ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí ọmọ yín.

Ẹ wo iye pọ́n-ùn tó lè gbé ní kíkọjú sẹ́yìn nìkan. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú páálí tàn yín, torí ó lè jẹ́ ti ìgbà tó bá kọjú síwájú. Àwọn kan gba pọ́n-ùn 40, bíi Cosco Scenera Next, tó fúyẹ́ tí kò sì wọ́n. Àwọn kan gba 50, bíi Graco Extend2Fit, tó ní pátákó kan tí ẹ lè fà jáde kí ẹsẹ̀ ọmọ rí àyè sí i. Ọmọkùnrin ọdún 2 tó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 28. Tó bá di ọdún 4, nǹkan bíi 36. Nítorí náà, 40 lè tó ọ̀pọ̀ ọmọ ní ti ìwúwo. Lójú tèmi, gíga igbá ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣáájú, torí ibẹ̀ ni wọ́n tún máa ń ga jù sí. Tí ọmọ yín bá jẹ́ èyí tó ń yára ga, tí bàbá rẹ̀ ga, ẹ wá èyí tí igbá rẹ̀ ga tàbí tí ìrọ̀rí rẹ̀ ṣeé fà sókè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ yín. Ìjókòó tó tóbi máa ń gba àyè síìtì iwájú, tí ẹni tó jókòó níbẹ̀ á fi orúnkún kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò gbà kí ìjókòó túbọ̀ nàró fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ju bó ṣe wà fún ọmọ tuntun lọ, àyè púpọ̀ sì máa ń ṣí sílẹ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn, ẹ wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Diono àti Clek ní èyí tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 17 lọ. Ẹ bi ilé ìtajà bóyá ẹ lè gbé èyí tí wọ́n fi ṣàfihàn wọ ọkọ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ má gbé e sí síìtì iwájú tí airbag ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láé. Tó bá bú, igbá tó wà lẹ́yìn orí ọmọ ló máa gbá.

Bẹ́líìtì ọkọ̀ ni ká fi dè é ni, àbí LATCH?

Èyí tó bá le dáadáa nínú ọkọ̀ yín. LATCH ni àwọn irin kéékèèké tó wà láàárín ẹ̀yìn àti ìdí síìtì ọkọ̀. Ó ti di dandan nínú ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti oṣù kẹsàn-án 2002. Irin yẹn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ìwọ̀n ìjókòó àti ìwọ̀n ọmọ pa pọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá pọ́n-ùn 65. Àwọn ìjókòó ńlá kan wúwo tó pọ́n-ùn 25 fúnra wọn, nítorí náà ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀. Tí ọmọ bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ lo bẹ́líìtì ọkọ̀. Ààbò rẹ̀ kò dín. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀ àfi tí ìwé ìlò bá gbà á.

Tẹ́ ẹ bá dè é tán, ẹ di ìjókòó mú níbi tí bẹ́líìtì gba inú rẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ mì í. Kò gbọdọ̀ yẹ̀ tó íǹṣì kan. Ẹ gbé ọmọ sí i: okùn gbọ́dọ̀ ti ojú ihò tó bá ejìká dọ́gba tàbí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i jáde, kí ìdè àyà bá abíyá dọ́gba. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbìyànjú láti já okùn náà mú létí ejìká. Tẹ́ ẹ bá rí okùn ká pọ̀ láàárín ìka yín, ó ti tú jù, ẹ fà á sí i. Nígbà òtútù, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn lára ọmọ kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ wá fi bò ó lórí okùn. Afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì ló máa ń tan yín pé okùn ti le.

Àwọn onímọ̀ wà tí wọ́n kọ́ láti yẹ irú nǹkan wọ̀nyí wò. Safe Kids, ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ààbò ọmọdé, ló ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì gba owó. Ẹ lè wá wọn lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó.

Ẹnì kan fẹ́ fún wa ní tokunbo ọmọ rẹ̀. Ṣé ká gbà á?

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n dájú pé kò tíì bá ìjàm̀bá pàdé, tí ìwé ìlò àti lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé, tí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán tó wà lára ike kò tíì kọjá, ó ṣeé gbà. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ má gbà á.

A fẹ́ gbé e lọ sí Nàìjíríà. Ṣé yóò ṣiṣẹ́?

Yóò ṣiṣẹ́. Fún ọkọ̀ òfurufú, ẹ wá gbólóhùn tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ sára lébẹ́ẹ̀lì pé ó ṣeé lò nínú ọkọ̀ àti nínú ọkọ̀ òfurufú. Èyí tó fúyẹ́ ló dára jù fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé Èkó, tí ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀ jẹ́ tokunbo Amẹ́ríkà tó jáde láti 2003 síwájú, ẹ fi ọwọ́ wá inú kọ̀rọ̀ síìtì ẹ̀yìn, ẹ ó bá irin LATCH níbẹ̀. Tí ọkọ̀ náà kì í bá ṣe ti Amẹ́ríkà, bẹ́líìtì lẹ máa lò, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó lè ti ara rẹ̀. Ẹ fa èyí tó ń gba ejìká kọjá jáde títí kò fi ní ku nǹkan kan, ẹ wá jẹ́ kó máa padà díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́ bó ṣe ń wọlé, tí kò sì ṣeé fà jáde mọ́, ó ti tì nìyẹn. Tí kò bá dún, tó kàn ń lọ tó ń bọ̀, kò lè di ìjókòó mú fúnra rẹ̀. Ẹ máa nílò ìjókòó tó ní ìdè bẹ́líìtì tirẹ̀ lára, tàbí irin kékeré tí wọ́n ń pè ní locking clip. Ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.