Bí Fíìmù Ṣe Ń Pa Òǹwòran Lẹ́kún

Ẹni tó jókòó síwájú fíìmù mọ̀ dájú pé ẹni tó kú nínú rẹ̀ kò kú, pé òṣèré náà ti dìde, ó ti fọ ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá kúrò lára, ó sì ti gba ilé rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òṣèré nìkan ló fa èyí, pé ẹni tó bá mọ ẹkún ún sun ni yóò pa àwùjọ lẹ́kún. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wúwo jù. Bí wọ́n ṣe to àwòrán àti ohùn tẹ̀ lé ara wọn ló ń fi àlàfo sílẹ̀ fún òǹwòran láti fi ọkàn ara rẹ̀ dí.

Nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn, ní nǹkan bí ọdún 1920, olùdarí fíìmù kan ní Rọ́ṣíà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lev Kuleshov mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì fajú ro. Ó so ojú náà mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀, ó so ó mọ́ òkú ọmọdé nínú pósí, ó sì tún so ó mọ́ obìnrin kan tó rọ̀gbọ̀kú. Ìtàn tó kù sílẹ̀ sọ pé àwọn tó wò ó yin òṣèré náà gidigidi: wọ́n ní àwọn rí ebi lójú rẹ̀, àwọn rí ìbànújẹ́, àwọn sì rí ìfẹ́. Ojú kan ṣoṣo yẹn náà sì ni wọ́n wò lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́lé. Ìyá kan jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Fóònù dún, ó gbé e sétí, a kò sì gbọ́ ohun tí ẹni tó pè é ń sọ. Kámẹ́rà fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ náà sì dúró. Bí olóòtú tó ń to àwòrán fíìmù náà bá fi àwòrán yìí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, òǹwòran yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí ìyá náà gbọ́ kiri inú ara rẹ̀, àwọn ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́ rí lórí fóònù ni yóò sì bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá figbe ta lójú ẹsẹ̀, tó ń yí gbiri nílẹ̀, òun ló ti bá òǹwòran sunkún tán. Ó dunni pé púpọ̀ nínú àwọn fíìmù wa ń yan ọ̀nà kejì yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣèré wa mọ ohun tí ọwọ́ tó dúró lè ṣe.

Ohùn ń ṣiṣẹ́ ju àwòrán lọ ní ti ìbẹ̀rù, nítorí pé ara a máa gbọ̀n kí làákàyè tó béèrè ìdí. Olùdarí fíìmù Alfred Hitchcock kò fẹ́ orin rárá sí ìran ilé ìwẹ̀, níbi tí wọ́n ti gún obìnrin kan lọ́bẹ, nínú fíìmù «Psycho» tó jáde ní 1960. Bernard Herrmann kọ orin sí i, ó lo àwọn ohun èlò olókùn nìkan, tí fayolíìnì ń han bí igbe ẹyẹ. Nígbà tí Hitchcock gbọ́ ọ, ó yí ọkàn padà. Ọ̀pọ̀ tó wo ìran náà ló rò pé àwọn rí ọ̀bẹ tó ń wọ ara léraléra, bẹ́ẹ̀ ohùn àti àwòrán tí wọ́n gé kéékèèké ló parí rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n fi ìmọ̀ síkùn òǹwòran ṣáájú. Nínú «Ṣaworoidẹ» tí Túndé Kèlání darí ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ, òǹwòran ti mọ̀ tipẹ́ pé ọba tó bá dé adé láìṣe ètùtù yóò kú bí wọ́n bá lu ìlù ṣaworoidẹ. Látìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé ewu mọ́: bí ọwọ́ onílù bá ti ń sún mọ́ awọ, àyà òǹwòran ti ń já.

Àmọ́, ohun tí kálukú gbé wá síwájú fíìmù kò dọ́gba. Dùndún ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ bí èdè Yorùbá ṣe ń ṣe. Nínú gbọ̀ngàn sinimá kan náà, ẹni tó gbọ́ oríkì tàbí ìkìlọ̀ nínú ìlù náà lè máa nu ojú rẹ̀ nù, nígbà tí ẹni tó jókòó tì í, tí kò gbọ́ èdè, ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ mọ́ ọn, tí inú rẹ̀ sì ń dùn.