Kí ẹ tó sanwó fún áàpù owó orí

Bí oṣù kẹta bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò ní Òṣogbo máa ń gbé tọ àwa tí à ń bá èèyàn ṣètò owó orí wá: ṣé áàpù ọ̀fẹ́ ti tó, àbí kí àwọn kúkú sanwó fún èyí tó dára? Bí wọ́n ṣe ń béèrè é, ó dà bíi pé owó téèyàn san ló ń mú kí ìṣirò péye. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìṣirò owó orí ẹni tó ń gba owó oṣù kan ṣoṣo kò kún ojú ìwé kan. Ọmọ iléèwé girama tó mọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún á ṣe é tán kí omi ẹ̀bà tó hó. Ibi tí iṣẹ́ wà ni àkọsílẹ̀. Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ nílò áàpù olówó, ẹni tí kò sì ní àkọsílẹ̀, kò sí áàpù tó lè bá a ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin wí, torí òun la ó fi dán gbogbo áàpù wò. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Nínú owó tó bá kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ohun tí òfin ní kí ẹ yọ, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e ní ìdá 15 nínú 100. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn ní ìdá 18. Lẹ́yìn náà, ₦13,000,000 ní ìdá 21, ₦25,000,000 ní ìdá 23, ohun tó bá sì ju ₦50,000,000 lọ ní ìdá 25. Lára ohun tí ẹ lè yọ ni owó ìfẹ̀yìntì, owó ìlera àti owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ bí wọ́n bá ń yọ ọ́ lára owó oṣù yín, owó ìbánigbófò ẹ̀mí, àti ìdá 20 owó háyà ilé tí ẹ ń gbé. Ti háyà yìí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ kò ní èyí í yọ.

Ẹ wá mú bírò. Owó oṣù ₦300,000, lọ́dún ó di ₦3,600,000. Ká ní orí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ìdá 8 fún ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ₦288,000. Ká ní háyà yàrá méjì ní Òkè-Fìà jẹ́ ₦400,000 lọ́dún, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Ẹ yọ méjèèjì kúrò, ó ku ₦3,232,000. ₦800,000 kò sanwó. ₦2,200,000 mú ₦330,000 wá. Ó ku ₦232,000, ìdá 18 rẹ̀ jẹ́ ₦41,760. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦371,760 lọ́dún, tàbí ₦30,980 lóṣù.

Ẹ kọ ₦371,760 yìí sí ibi tí kò ti ní sọnù. Áàpùkáàpù tí ẹ bá fẹ́ lò, ọ̀fẹ́ ni o, olówó ni o, ẹ kọ́kọ́ tẹ àwọn ohun tó wà lókè yìí sínú rẹ̀. Bí ₦371,760 bá jáde, ó mọ òfin tuntun. Bí ₦402,416 bá jáde, òfin àtijọ́ ló ṣì ń lò, èyí tó ní ìpele tirẹ̀, tó ń yọ ₦200,000 pẹ̀lú ìdá 20 owó tó kù lẹ́yìn owó ìfẹ̀yìntì, tí kò sì ka háyà sí. Kì í ṣe pé ₦402,416 jẹ́ irọ́ o: fún owó tí ẹ gbà ní ọdún 2025, òun gan-an ni ìdáhùn. Ìdí nìyẹn tí áàpù tó mọ iṣẹ́ fi máa ń bi yín ní ọdún tí ẹ ń ṣírò fún kó tó bi yín ní iye owó. Èyí tí kò bá béèrè ọdún, ẹ má gbé e dání. Bí ₦581,760 bá sì jáde, ẹni tó ṣe é ti fi ìdá 18 lé gbogbo owó náà lórí, kò mọ̀ pé ìpele ni owó orí ń gbà gòkè. Ẹ pa irú rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

Ìdánwò kejì kéré, ṣùgbọ́n ó ń tú àṣírí. Ẹ tẹ ₦70,000 lóṣù, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí, láìyọ ohunkóhun. Lọ́dún ó jẹ́ ₦840,000. Áàpù tó kàn mọ ìpele nìkan á ní kí ẹ san ₦6,000, torí ₦40,000 ti kọjá ₦800,000. Ṣùgbọ́n òfin ti yọ ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju iye yìí lọ sílẹ̀ pátápátá. Òdo ló yẹ kó jáde.

Bí áàpù bá ti yege, ó ku ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti ń béèrè háyà ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Àwọn áàpù kan fẹ́ kí ẹ kọ odidi háyà, kí àwọn fúnra wọn mú ìdá 20 níbẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ẹ ti mú un, kí ẹ kọ ₦80,000. Bí ẹ bá kọ ₦80,000 síbi tó ń fẹ́ odidi, yóò yọ ₦16,000 péré, owó orí yín á di ₦383,280, ẹ ti san ₦11,520 tí kò kàn yín. Bí ẹ bá kọ ₦400,000 síbi tó ń fẹ́ ìdá 20, á yọ gbogbo rẹ̀, owó orí á di ₦316,800, ẹ sì ti jẹ ìjọba ní ₦54,960 láìmọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè ìwé háyà lọ́wọ́ yín ni gbèsè náà máa yọjú. Àṣìṣe mìíràn ni kí èèyàn kọ owó oṣù sí ibi tí wọ́n kọ "ọdún" sí. ₦300,000 lọ́dún kò ní owó orí kankan. Inú á dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Nítorí náà, ẹni tó ní ọ̀gá kan, owó oṣù kan, háyà kan, kí ló fẹ́ fi áàpù olówó ṣe? Ọ̀gá rẹ̀ ló ń yọ owó orí lóṣooṣù, tó sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ìjọba kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e. Ohun tó kù fún un ni kó yẹ ìwé owó oṣù rẹ̀ wò bóyá ohun tí wọ́n yọ bá ìṣirò mu, kó sì fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Excel tàbí Google Sheets ti tó. A kì í gbà á nímọ̀ràn láti náwó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oníṣòwò yàtọ̀, ibẹ̀ ni owó áàpù ti lè tó ná. Ẹ wo àpẹẹrẹ ìyá aládìrẹ kan tó ń tà ní àgbègbè Ọjà Ọba. Sítétímẹ́ǹtì báǹkì rẹ̀ fi hàn pé ₦6,400,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀ láàárín ọdún. Àwọn áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ka sítétímẹ́ǹtì lè sọ gbogbo rẹ̀ di èrè, kí wọ́n wá ní kó san ₦942,000. Ẹ tú owó náà palẹ̀. ₦600,000 jẹ́ àjọ tó kó, owó ara rẹ̀ tó ti ń dá látìbẹ̀rẹ̀ ọdún. ₦500,000 jẹ́ ẹ̀yáwó láti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. ₦300,000 ni ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ fún páànù ilé. ₦400,000 ló gbé láti àkáǹtì kan sí èkejì. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jẹ́ owó ọjà. Owó ọjà gan-an jẹ́ ₦4,600,000. Ó ra aṣọ funfun ₦1,900,000, aró àti kẹ́míkà ₦480,000, háyà ṣọ́ọ̀bù ₦180,000, gáàsì àti owó ọkọ̀ ₦240,000. Ó ku ₦1,800,000. Ẹ yọ ₦800,000, ìdá 15 ìyókù jẹ́ ₦150,000. Owó orí rẹ̀ nìyẹn, kó tó tilẹ̀ ka háyà ilé tó ń gbé. Láàárín ₦150,000 sí ₦942,000, ọ̀run àti ayé ni.

Ẹ kíyè sí i pé háyà ṣọ́ọ̀bù kò bọ́ sí ibi ìdá 20. Ìnáwó iṣẹ́ ni, odidi rẹ̀ ni ẹ ó yọ. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣírò máa ń gbàgbé: ọjà tó kù lórí àtẹ. Bí aṣọ ₦300,000 nínú èyí tó rà bá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ọdún parí, kò lè kà á mọ́ ìnáwó ọdún yẹn. Èrè rẹ̀ á di ₦2,100,000, owó orí á di ₦195,000. Áàpù tí kò bá béèrè ọjà tó kù kò tíì mọ ìṣòwò, ì báà jẹ́ pé owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lé e.

Ìlànà tiwa nìyí: bí títà àti rírà yín kò bá ju bí ogún lọ lọ́sẹ̀, tó sì jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń tà, ìwé tàbí Excel tó ní òpó mẹ́fà ti tó: ọjọ́, ẹni tí ẹ bá ṣe é, owó tó wọlé, owó tó jáde, ohun tó wà fún, àti ibi tí rìsíìtì wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálaalẹ́ ni. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọmọ iṣẹ́ ń bá yín tajà, ẹ sanwó fún áàpù ìṣirò òwò. Kó jẹ́ èyí tí ẹ lè fi ya rìsíìtì lórí fóònù, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì jẹ́ kí ẹ ya àjọ àti ẹ̀yáwó sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọjà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ tẹ nǹkan márùn-ún sínú rẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti kó wọn jáde sí Excel. Bí ó bá kọ̀, a jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ owó oṣooṣù dúró ni àkọsílẹ̀ yín bọ́ sí àhámọ́, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́fà la fi ń gba èèyàn nímọ̀ràn láti tọ́jú ìwé owó orí. Tí iye rẹ̀ bá jẹ́ dọ́là, ẹ ṣírò rẹ̀ ní náírà ọjọ́ náà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n á máa yọ ọ́ lórí káàdì yín láìbéèrè.

Orúkọ "ọ̀fẹ́" náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ní Amẹ́ríkà, Intuit, iléeṣẹ́ tó ni áàpù owó orí TurboTax, gbà ní ọdún 2022 láti san mílíọ̀nù 141 dọ́là fún àwọn oníbàárà, nítorí pé wọ́n polówó ọ̀fẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n padà ní kó sanwó. (TurboTax kò sì mọ òfin Nàìjíríà rárá, ẹni tó bá ń fi í ṣírò owó orí Ọ̀ṣun ń fàkókò ṣòfò.) Nílé níbí, ohun tí ọ̀fẹ́ sábà máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ni àṣírí. Áàpù ìṣirò kò ní ohunkóhun í fi orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù yín ṣe, kò sì yẹ kó ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Bí ó bá béèrè BVN tàbí páàsíwọ́ọ̀dù báǹkì, ẹ jáde níbẹ̀. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ohun tí wọ́n gbà rẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má tilẹ̀ fún wọn ló rọrùn jù.

Ó ku ibi tí olówó àti ọ̀fẹ́ ti jọ ń já èèyàn kulẹ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kàn ń ṣírò ni, wọn kì í fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nọ́ńbà tó jáde lójú fóònù kò tíì jẹ́ pé ẹ ti ṣe owó orí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni gbèdéke fún olúkúlùkù, 31 oṣù kìíní sì ni ti ọ̀gá tó gba òṣìṣẹ́. Lábẹ́ òfin tuntun, ẹni tí kò bá fi ìwé sílẹ̀ á san ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, á tún máa san ₦50,000 lé e fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá. Ẹ má dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn, tí ojú òpó á máa yí bí òkòtó. Ẹ ṣe é ní oṣù kejì.

Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ni owó orí yín. Bí ibiṣẹ́ yín bá wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tó jẹ́ Òṣogbo ni ilé yín, Ọ̀ṣun ni ẹ ó san án fún, nípasẹ̀ OIRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn áàpù kan ti yan Èkó sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ yí i padà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, torí owó tó bá dé Èkó kì í tètè padà, Ọ̀ṣun á sì máa béèrè tirẹ̀. Ojú òpó owó orí ti ìjọba àpapọ̀, irú bíi TaxPro Max, wà fún owó orí ilé iṣẹ́, ẹ má gbé owó orí ti ara yín lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ sanwó, nọ́ńbà ìsanwó tí ojú òpó ìjọba gbé jáde lórúkọ yín ni ẹ ó lò, kì í ṣe àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó ní òun á bá yín san án. Lẹ́yìn náà, ẹ wo rìsíìtì: orúkọ yín gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí NIN, ọdún tí ẹ san fún, àti Ọ̀ṣun. Rìsíìtì ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni wọ́n máa wò nígbà tí ẹ bá wá gba ìwé ẹ̀rí owó orí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí àfi bí iṣẹ́ kọngílá bá délẹ̀.