Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Ọgbẹ́ Ọrùn: Osaka Ni Orísun Rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ ultrasound, ẹ̀rọ tí ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo inú ara, bá délẹ̀, dókítà Ian Donald ti Glasgow ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ. Òótọ́ ni pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní 1958, ṣùgbọ́n ikùn ni wọ́n ń wò. Dókítà Dussik ti Austria ńkọ́? Orí ló ń wò ní tirẹ̀, egungun agbárí sì tàn án jẹ. Ẹni tí ọ̀bẹ tàbí ọta ìbọn bá wọ̀ lọ́rùn, ohun tí dókítà ń wá ni bóyá iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ti ya. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni ọ̀rọ̀ wà, Osaka ní Japan sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí Prague. Níbẹ̀ ni Christian Doppler ti sọ ní 1842 pé ìró àti ìmọ́lẹ̀ ń yí padà bí ohun tí wọ́n ti ń jáde bá ń sún mọ́ni tàbí tó ń jìnnà síni. Ní 1845, Buys Ballot kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin ní Netherlands, ó to àwọn olórin tí etí wọn mú sẹ́bàá ọ̀nà. Bí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ohùn ròkè. Bó ti kọjá, ohùn wálẹ̀. Èmi fura pé ní ilẹ̀ wa, ẹnì kan ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà tí ẹlẹ́ṣin tó ń fun kàkàkí sáré kọjá. Àwa tí ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ń yí ọ̀rọ̀ padà fún, etí wa kì í ṣeré! Kò kàn sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Lẹ́yìn 1950 ni Shigeo Satomura ti Fásitì Osaka darí ìró tí etí kò lè gbọ́ sí ọkàn tó ń lù, ìró tó padà wá sì ti yí, gẹ́gẹ́ bí Doppler ti wí. Òun àti Ziro Kaneko gbé e dé orí ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ọrùn kí Satomura tó kú ní 1960.

Ìyókù kò gùn. Ẹgbẹ́ dókítà Strandness ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, so àwòrán mọ́ ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Nígbà náà, ẹni tí nǹkan bá gún jìnnà lọ́rùn, abẹ ló kàn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì là lásán. Láàárín 1990 sí 1999, dókítà oníṣẹ́ abẹ Demetriades àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles fi hàn pé bí ara ẹni tó farapa bá ṣì dúró, àyẹ̀wò ọwọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí lè tó. CT, ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán inú ara, ló gba ipò iwájú báyìí, torí ìró kì í ríran dáadáa lẹ́yìn egungun àgbọ̀n àti egungun èjìká, afẹ́fẹ́ tó bá sì sá wọ abẹ́ awọ ń dí i lójú.